Ìwé Ìnáwó Tíṣà

"Ata, igba náírà. Ọ̀kadà, mo fẹsẹ̀ rìn." Bùọ̀dá Wálé ń ka ìwé ìnáwó àbúrò rẹ̀ obìnrin sókè fún gbogbo ẹbí tó pé sí pálọ̀ bàbá wọn l'Ómù-Àrán, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Tíṣà já ìwé náà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù pè é lólè lójú gbogbo ìjọ, nítorí pé kò rí owó wọn dá padà. Látìgbà náà, kò sí náírà tó ná tí kò kọ sílẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ló fi fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé, àná ló sì san gbèsè náà tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbé mọ́tò tuntun wá láti Èkó síbi ìrántí bàbá wọn ló wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ yìí.

Ó fìbínú jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Kí lẹ tún fẹ́?"

Bùọ̀dá Wálé wẹ̀yìn wò kó tó sọ̀rọ̀. "Kọ́ mi bó o ṣe san gbèsè rẹ tán. Owó yíyá ni mo fi ra mọ́tò yẹn, àti màlúù tí a pa lónìí. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ti pè mí nígbà mẹ́sàn-án."

Inú ṣì ń bí Tíṣà. Ó fẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ jókòó. Èló lẹ ra màlúù?"