Òkété Fẹ́ Wọ Ẹgbẹ́ Oníjàkadì

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó já sí pápá ìjàkadì àwọn ẹranko.

Ẹgbẹ́ oníjàkadì fẹ́ gba ìdílé kan kún ara wọn. Òkété onítìjú fẹ́ wọlé gan-an, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí ẹni bá jà rí, àfi ara wọn nínú ihò. Ṣùgbọ́n Ọ̀kín náà wá, èrò sì rọ́ tẹ̀lé e.

Ọ̀kín wo ìyàwó Òkété àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé gbogbo èrò rẹ nìyí? Àbí àwọn tó kù ṣì ń gbẹ́ ọ̀nà bọ̀?"

Erin, olórí ẹgbẹ́, ní kí Ìnàkí dán àwọn méjèèjì wò. Ìnàkí gbé Ọ̀kín ṣánlẹ̀. Kí eruku tó rọlẹ̀, èrò rẹ̀ ti túká. Ìnàkí gbé Òkété náà ṣánlẹ̀. Ìyàwó Òkété dá orin, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbè é:

"Baálé mi, dìde o!"
Ègbè: Kìjì, a wà níbí!
"Bó o bá tún ṣubú ńkọ́?"
Ègbè: Kìjì, a wà níbí!

Òkété dìde, ó tún ṣubú, orin ò dákẹ́.

Ìnàkí ní, "Bàbá, Ọ̀kín ló lérò jù."

Erin ní, "Wọ́n dà? Gbogbo wa la ó máa ṣubú níbí. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ ń dúró tì í ni mo fẹ́. Òkété, ẹ wọlé."

Àbíkẹ́yìn Òkété fa etí bàbá rẹ̀: "Bàbá, ta ni kí n kọ́kọ́ bá jà?"

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi jókòó sí.