Ẹni Tó Kọ́kọ́ Tẹ̀ Ẹ́ Jáde

"Ṣé ọdún mẹ́sàn-án mi ti wọgbó nìyẹn?" Obìnrin onímọ̀ kẹ́míkà náà lu tábìlì. "Èmi ni mo ṣàwárí èròjà tó ń tún kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní ólẹ́fìn tò láìfi nǹkan kún un, láìyọ nǹkan kúrò!"

"Ẹ̀yin ni, mà," ni òṣìṣẹ́ tó ń fún àwọn olùṣàwárí níwèé ẹ̀tọ́ fèsì. "Àmọ́ a kì í fúnni níwèé lórí ohun tí aráyé ti kà. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde léṣìí, tòun ti ìwọ̀n èròjà ọ̀hún."

"Olè wo ló kọ ọ́?"

Òṣìṣẹ́ náà na ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sí i, ẹgbẹ́ tí bàbá obìnrin náà wà. Àkọlé rẹ̀ ni: "Ẹ Bá Mi Yọ̀, Ọmọ Mi Ti Ṣe Bẹbẹ!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá rẹ̀ yọrí wọlé, ó gbé fóònù sókè. "Wọ́n ti fún ẹ, àbí? Ó yá, rẹ́rìn-ín kí n yà ẹ́!"