Iná Mọ́tò Tó Wà Lẹ́yìn

Níbi tí wọ́n ti ra epo ní òwúrọ̀, obìnrin tó ń tà á kìlọ̀ fún wọn.

"Ẹ ṣọ́ra lójú ọ̀nà yẹn o. Ọkùnrin kan ń ṣí bónẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bíi pé mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tó bá dúró ràn án lọ́wọ́, ó máa ń jà á lólè."

Mọ́tò méjì ni ìdílé Glenys gbé wọ aṣálẹ̀ lọ pàgọ́. Glenys ló ń wa ti iwájú, òun àti Clarrie bàbá ọkọ rẹ̀, àti Bronte ọmọ rẹ̀ obìnrin. Darcy ọkọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú ti ẹ̀yìn, nítorí kẹ́ẹ̀gì epo ló kún inú rẹ̀ dé òkè. Gbogbo omi wà lọ́dọ̀ Glenys, kí ó má baà gba òórùn epo. Rédíò tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ti kú lánàá. Nígbà tó kú, Darcy bọ́ fìlà, ó jù ú mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ bí inú bá ń bí i.

Glenys ra àwọ̀n ìbojú fún gbogbo wọn nítorí eṣinṣin. Darcy ní òun kì í ṣe ìyàwó tuntun.

"Ó dáa," ni Glenys wí, ó ju ọ̀kan sínú mọ́tò Darcy. "Eṣinṣin ni yóò kọ́ ẹ lọ́gbọ́n."

"Ẹ rántí," ni Clarrie wí, "ẹni iwájú kì í yà ní oríta títí yóò fi rí iná ẹni ẹ̀yìn."

"Bàbá, ẹ sọ ọ́ lánàá," ni Glenys wí.

"Màá tún sọ ọ́ lọ́la."

Nígbà tí ọ̀sán ń pọ́n, ọkọ̀ akẹ́rù gígùn kan ń bọ̀ níwájú. Glenys yà sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó dúró kí eruku rẹ̀ rọlẹ̀. Eruku pupa bo gíláàsì. Wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ náà tó kọjá, wọ́n sì tún gbọ́ ìró mìíràn tó kéré tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ìrù rẹ̀ gùn o," ni Clarrie wí.

Wọ́n padà sójú ọ̀nà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Glenys tó rí iná méjì nínú dígí, lọ́nà jíjìn.

"Darcy nìyẹn."

Létí odò gbígbẹ kan, wọ́n rí mọ́tò tí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí. Eruku ti sọ ọ́ di pupa, bó ti sọ gbogbo nǹkan dà. Ọkùnrin kan tó fi àwọ̀n bojú sáré bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn!" ni Clarrie ké.

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní a kì í kọjá ẹni tí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ṣí."

"Tẹ ẹ́, ìyàwó! Tẹ ẹ́!"

Glenys gba inú koríko yí i ká, ó sì kọjá.

"Mọ́mì, ó ń sáré tẹ̀ lé wa. Ó ń pariwo."

"Má wò ó."

Lẹ́yìn náà ni Glenys wí pé, "Darcy ń bọ̀ lẹ́yìn."

Kò sí ẹni tí Darcy kì í dúró ràn lọ́wọ́, títí dé kangarúù, ẹranko ìgbẹ́, tó bá ń tiro. Nínú dígí, iná méjì náà dúró létí odò gbígbẹ. Glenys tẹ bíréèkì.

"Ẹ jẹ́ ká padà."

"Pẹ̀lú ọmọ nínú mọ́tò?"

"Ọkọ mi ni!"

"Ọmọ mi ni," ni Clarrie dáhùn. "Ká dé oríta. Bí a kò bá rí iná, a ó padà."

Wọ́n dúró ní oríta. Bronte di ọwọ́ bàbá àgbà rẹ̀ mú, kò fi sílẹ̀. Nígbà tí iná náà yọ nínú eruku, Glenys rẹ́rìn-ín, omijé sì dà lójú rẹ̀.

"Ọkọ mi yìí, ikú ò mọ̀ ọ́n!"

Wọ́n yà, wọ́n sì dúró níbi tí wọn yóò pàgọ́ sí. Clarrie dáná. Glenys ń fi òòlù kan èèkàn mọ́lẹ̀ nígbà tí mọ́tò náà dé.

Mọ́tò funfun ni lábẹ́ eruku. Kì í ṣe tiwọn. Ọkùnrin méjì ló wà nínú rẹ̀, àwọ̀n sì bo ojú èyí tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Òun ni," ni Bronte wí wúyẹ́wúyẹ́, ó sá sẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì omi.

"Níbo lẹ gbé ọkọ mi sí?" ni Glenys bi í.

Ọkùnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ariwo tó pa ti jẹ́ kí ohùn rẹ̀ há. Èémí lásán ló jáde. Ó ń bọ̀.

"Má sún mọ́ wa!" ni Clarrie ké. Glenys gbé òòlù sókè orí.

Ọkùnrin náà dúró, ó já àwọ̀n kúrò lójú, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó jù ú mọ́lẹ̀, Darcy sì ni: òun ló kọjá wọn nínú eruku ọkọ̀ akẹ́rù, mọ́tò rẹ̀ ló sì bàjẹ́ létí odò gbígbẹ.