Bọ́tìnnì Kan Ṣoṣo

Ọkùnrin kan wà tó ń fi fíríìjì títún ṣe jẹun. Nígbà tí dókítà ní kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀, kì í rántí bóyá òun ti lò ó àbí òun ò tíì lò ó. Ló bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ṣe áàpù kékeré kan fún ara rẹ̀. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, lápá òsì: “Mo ti lò ó.” Béèyàn bá tẹ̀ ẹ́, fóònù á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan náà, á gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ó tán.

Ó fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀, àwọn náà fún ẹbí wọn. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló ń lò ó.

Akọ̀wé ibi iṣẹ́ wọn ò jẹ́ kó gbádùn. “Ọ̀gá, ẹ fi àwòrán sí i. Ẹ fi ibi tí wọ́n á ti máa kí ara wọn sí i.”

“Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà,” lọkùnrin náà fi dá a lóhùn. “Fíríìjì tí wáyà inú ẹ̀ bá pọ̀ jù, èmi náà ni wọ́n á pè.”

Ẹnì kan wà láàárín àwọn tó ń lò ó tí kì í kọ orúkọ. Lóṣooṣù ló máa ń kọ̀wé ránṣẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ tó bá kọ, álífábẹ́ẹ̀tì kan á fò níhìn-ín, òmíràn á di méjì lọ́hùn-ún: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà.” Ọkùnrin náà máa ń kà á fún ìyàwó rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

“Onítọ̀hún gbọ́n,” nìyàwó á wí, á sì máa da omi sínú ife, ìka rẹ̀ kan létí ife náà.

Aránṣọ nìyàwó rẹ̀. Ó ti tó ọdún kan tó ti daṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀, ó níṣẹ́ náà ti sú òun. Ọkọ ò bi í léèrè. Látìgbà táwọn ìbejì wọn ti relé ọkọ, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹ káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ lọ.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, akọ̀wé mú lẹ́tà wá. Ilé ìwòsàn kan fẹ́ máa fún àwọn aláìsàn ní áàpù náà, bó bá lè gba oògùn mẹ́ta. Ọkùnrin náà rò ó, ó gbà. Kí àyè lè wà nísàlẹ̀ fún orúkọ àwọn oògùn náà, ó gbé bọ́tìnnì náà lọ sókè.

“Ìyẹn nìkan ni mo yí padà,” ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, ṣé dandan ni kẹ́ ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ ni?”

“Á mọ́ wọn lára.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti dé ìkóríta nígbà tí ìwé aláìlórúkọ wọlé: “Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ̀n. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti lò ó.” Ó kà á, ó ti fóònù bọ àpò. Ìgbà yẹn ló rí i pé òun ti gbàgbé sípánà sílé, ó bá yí padà.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé orí sẹ́yìn, ó kán oògùn sójú ọ̀tún, ó kán an sí tòsì, ó wá gbé fóònù lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó tún ń tẹ̀ ẹ́, ó sì kọjú sí ọkọ rẹ̀ gan-an lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ pé ẹnì kankan dúró níbẹ̀.