Ùdù Ìyá Nawari

Ìyá Nawari, opó kan, tún gbé ùdù bàbá rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Sabihu ní Bagidaadi. Ohun èlò orin olókùn àtijọ́ ni, ikùn rẹ̀ rí roboto bí igbá, pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n sì lẹ̀ pọ̀ di ikùn ọ̀hún.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ló tún là, Ọ̀gá Sabihu."

"Mo ti sọ fún yín, Ìyá Nawari, ooru omi gbígbóná lọ̀tá àtè wa. Ẹ má gbé e wọ ilé ìdáná o."

"Háà, mo ti gbọ́ ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́," opó náà wí, ó sì bu tíì fún un látinú fúláàsì. Hélì, èso olóòórùn dídùn yẹn, kì í wọ́n nínú tíì tirẹ̀.

Jasimu oníkọfí pariwo láti òdìkejì: "Sabihu! Ṣé ùdù lò ń tún ṣe ni, àbí opó?"

"Panu mọ́ jàre!"

Àmọ́ ọkàn Sabihu kò balẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá tún ùdù náà ṣe ló ń mọ̀ọ́mọ̀ fi àléébù kan sílẹ̀: èèkàn tí wọ́n so okùn mọ́ tó ń yọ̀, okùn tó fẹ́ já. Ó nífẹ̀ẹ́ obìnrin náà, kò lẹ́nu láti sọ ọ́. Bí ùdù bá sì dára tán, kí ni yóò tún gbé e wá? Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé obìnrin náà kò ráhùn èèkàn rí, kò ráhùn okùn. Ẹ̀yìn ló ń là ṣáá.

Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ti Sabihu. Ogún òkú kọ́ ló yẹ kéèyàn máa fi ṣe màkàrúrù. Ó se àtè tuntun, ó lẹ ẹ̀yìn náà, ó pààrọ̀ èèkàn àti okùn. Nígbà tó fi ìyẹ́ ẹyẹ ta okùn rẹ̀, Jasimu pàápàá sáré wá gbọ́ ọ.

"Ó parí," ó wí. "Kò ní là mọ́ láé."

"Láé kẹ̀?" Ojú obìnrin náà wálẹ̀. "Ẹ ṣé, Ọ̀gá." Kò ṣí fúláàsì lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tó tún wọlé.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ tún là o," ó wí, ó ń wo ilẹ̀.

Sabihu gbé ùdù náà sún mọ́ imú: pátákó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, òórùn hélì inú tíì rẹ̀ sì ń ta sánsán lójú ibi tó ti là.