Ẹ Kúulé

Orí Wasáàpù ni Ládéjọbí àti àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ ti máa ń sọ ohunkóhun tó bá sọ sí wọn lọ́kàn. Lánàá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Bàbá Sùmọ́nù, tó ń dá gbé yàrá ìpẹ̀kun ilé àwọn, máa ń kí yàrá òfìfo pé, “Ẹ kúulé o!” kó tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ẹnì kan ní, “Irọ́ lò ń pa, ọ̀gá. Gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ ká gbọ́.”

Nírọ̀lẹ́ yìí, bí bàbá ṣe ń ti mọ́sáláásí bọ̀, Ládéjọbí yọ́ tẹ̀ lé e nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, fóònù lọ́wọ́.

“Ẹ kúulé o,” ni bàbá wí.

“Ẹ káàbọ̀,” ni ohùn obìnrin kan dáhùn láti inú yàrá. “Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó wà lẹ́yìn yín náà wọlé. Àtàná lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti ń fi wá ṣẹ̀sín.”

Bàbá bojú wẹ̀yìn. “Ṣé lóòótọ́ ni, ọmọ mi?”

Ojú ti Ládéjọbí débi pé kò lè sá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ dákun, ẹ má bínú, mà.”

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ bàbá nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí láti inú.