Ẹ̀rọ Tí Ń Jẹ́ Ìpè

Ohùn Ọ̀túnba Láyíwọlá dùn létí ara rẹ̀ débi pé ó kọ́ tẹlifóònù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì rẹ̀ láti máa fi ohùn náà dá àwọn oníbàárà lóhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti Ọmọlará akọ̀wé rẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí tẹlifóònù dún. Ohùn obìnrin kan jáde pé, "Àjàní o, Àjàní." Ìyá Ọ̀túnba nìkan ló máa ń kì í bẹ́ẹ̀, ìyá náà sì ti pẹ́ nínú sàréè.

"Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ ẹ o," ni Ọmọlará wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó bá jẹ́ ìpè òkú, á bá a lọ ni."

"Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹ? Mo ti panu mọ́."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ èèwọ̀. Ó fi ohùn dídùn Ọ̀túnba dáhùn pé, "Èmi nìyí o. Ẹ ṣé tí ẹ pè."

Ọmọlará fa wáyà ẹ̀rọ náà yọ. Ohùn náà kò dákẹ́.

"Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà, ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì. Ẹ máa bọ̀."

Ọ̀túnba la ẹnu láti kọ̀, ohùn kankan kò jáde. Lórí àtẹ̀gùn, ẹnì kan ń wọ́ bàtà bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rọ ní, "Ẹ wọlé, Màámi."